Irin Tí N Kò Lè Tọrọ

Ẹni tó bá fẹ́ mú mi bínú ní ọjọ́ ogbó mi yìí, kó wá sọ fún mi pé ẹgbẹ́ kan dára ju ẹgbẹ́ kejì lọ. Mo ti gbọ́ ọ rí. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, mo ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Òṣogbo, ó sì kù díẹ̀ kí n gbòmìnira. Ọ̀rọ̀ yẹn ló sọ mí di àgbẹ̀. N kì í tilẹ̀ ṣe àgbẹ̀ gidi. Bàbá mi mọ oko jù mí lọ, àwọn ọmọ mi mọ̀ ọ́n jù mí lọ, kòkó pàápàá mọ̀ pé n kò fẹ́ràn òun.

Abúlé kan lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni wọ́n bí mi sí, láàárín oko kòkó. Mo kàwé dé ìwé mẹ́rin, ó sì parí síbẹ̀. Nígbà tí ìwé ọ̀fẹ́ fi máa dé sí Ìwọ̀ Oòrùn, mo ti wà lábẹ́ ọkọ̀ ní Òṣogbo. Ohun tó gbé mi débẹ̀ ni pé bọ́lẹ́kájà tó máa ń wá kó kòkó wa bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ lọ́jọ́ kan, kò lè gun òkè abúlé wa mọ́. Wọ́n lọ pe ọkùnrin kan wá láti Òṣogbo. Ó ní kí dírẹ́bà tan ọkọ̀ náà sílẹ̀. Ó fi ẹnu sukurudíráfà gígùn kan ti ara ínjìnnì, ó gbé etí lé ìdí rẹ̀, ó pa ojú dé. Ó ní, "Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló ń purọ́." Wọ́n tú u, nínú àwọn sílíńdà ínjìnnì náà, ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló ń purọ́ lóòótọ́. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni mo sọ fún bàbá mi pé iṣẹ́ tí mo fẹ́ kọ́ nìyẹn, ọkùnrin yẹn sì ni bàbá mi fà mí lé lọ́wọ́.

Ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi wà lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin, lábẹ́ igi ọdán kan tí ọ́ìlì ti sọ ìdí rẹ̀ di dúdú. Ilé wọn kò jìnnà síbẹ̀. Ògún ni ọ̀gá mi ń bọ, Mùsùlùmí ni ìyàwó wọn, èmi sì ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹnikẹ́ni kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí rẹ̀. Ìyá ni mo ń pe ìyàwó wọn. Ìyá ló kọ́kọ́ fi èdè mi ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé mo máa ń pe ilé ní "ulé", mo sì ń pe iṣẹ́ ní "uṣẹ́". Ti ọ̀gá mi ni ti ìṣáná. Bí mo bá ti ní kí wọ́n fún mi ní ìṣáná, wọn á ní, "Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti ń múná roko! Lọ mú tìrẹ wá láti ilé." Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi sọ ọ́, ọdún márùn-ún ni wọ́n fi rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni pé ọjọ́ náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rò ó. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà. Kí n kúkú sọ ọ́ níbí, kí ẹ má baà rò pé ìkórìíra ló fa ohun tí mo ṣe.

Ní ṣọ́ọ̀bù wọn, bíi ti gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà nínú ẹgbẹ́ mẹkáníìkì àtijọ́, a kì í ju ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ iṣẹ́ bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ bà jẹ́ nù. Ìdí Ògún là ń gbé e sí. Ojúbọ náà kò ju òkúta ńlá kan lọ, àti àwọn irin ìbàjẹ́ tí wọ́n tò yí i ká. Tèmi jẹ́ orí bóòtù kan tó de ínjìnnì mọ́ ọkọ̀, tí mo fi súpánà fún ní àfúnjù ní ọ̀sẹ̀ kẹta mi. Ó já mọ́ mi lọ́wọ́, mo sì sunkún bí ọmọdé. Ọ̀gá mi kò nà mí. Wọ́n gbé e sí ìdí Ògún, wọ́n ní, "Ògún á bá ọ tọ́jú ẹ̀." Ọjọ́ tí ọmọ iṣẹ́ bá gbòmìnira, ọ̀gá rẹ̀ á mú irin náà kúrò níbẹ̀, á fi lé e lọ́wọ́ lójú gbogbo ẹgbẹ́, á ní, "Ohun tó ṣẹ́gun rẹ rí nìyí." Láti ọjọ́ náà lọ, òun náà ti di ọ̀gá. Bó bá sì jẹ́ pé ó fẹ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, ọ̀nà kan náà ni: kó tọrọ irin rẹ̀, kí ọ̀gá fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un fún un, kó sì sọ fún ẹgbẹ́. Ẹni tó bá fúnra rẹ̀ mú un, kò sí mẹkáníìkì tí yóò bá a wọ abẹ́ ọkọ̀ kan náà mọ́. Wọ́n gbà pé jáàkì á yẹ̀, ọkọ̀ á sì wó lé àwọn lórí. Èmi oníṣọ́ọ̀ṣì máa ń sọ fún ara mi pé n kò gba ìyẹn gbọ́.

Ní ọdún karùn-ún mi ni ẹgbẹ́ kejì dé. Iléṣà ló ti bẹ̀rẹ̀, lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì tó ti ṣe sójà rí àti àwọn tó ti Èkó dé. Àwọn èèyàn ń pè é ní ẹgbẹ́ oníwèé, nítorí pé ìwé ni gbogbo nǹkan wọn. Wọ́n ní ọdún márùn-ún péré ni kí ọmọ iṣẹ́ lò, kò gbọdọ̀ sí àfikún. Wọ́n ní àwọn á kọ́ ọ dé ibi ìdánwò iṣẹ́ ti ìjọba, kó lè fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ríṣẹ́ níbikíbi tó bá wù ú, títí dé Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ tiwa, tí wọ́n wá ń pè ní ẹgbẹ́ onírin, kò ní ìwé kankan. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà ló ní. Bí wọ́n bá ní o ti gbòmìnira, o ti gbà á nìyẹn. Bí wọ́n bá ní ó ku ọdún kan, ó ku ọdún kan.

Tèmi sì ku ọdún kan. Nígbà tí ọdún márùn-ún pé, ọ̀gá mi ní kí n fi ọdún kan sí i sin àwọn. Nígbà tí ọdún náà ń parí lọ, wọ́n tún ní kí n ṣe sùúrù. Wọn kò wo ojú mi nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Ká sòótọ́, wọn kì í lè wo ojú ẹnikẹ́ni mọ́ nígbà yẹn.

Ojú ọ̀gá mi ń fọ́. N kò mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé wọ́n mọ̀ ọ́n bò. Lákọ̀ọ́kọ́, wọn á gbé púlọ́ọ̀gì fún mi, wọn á ní, "Bá mi wo ẹnu ẹ̀, ọwọ́ mi dọ̀tí." Ọwọ́ wọn ti dọ̀tí kí wọ́n tó bí mi, kò sì dí wọn lọ́wọ́ rí. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé bí súpánà kò bá sí níbi tó máa ń wà, wọn kò lè rí i, bó tilẹ̀ wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í to gbogbo irin iṣẹ́ bákan náà ní àràárọ̀, láti orí èyí tó kéré jù dé èyí tó tóbi jù. Bí oníbàárà bá ń bọ̀, mo ti máa ń kí i láti òkèèrè, mo sì máa ń pe irú ọkọ̀ tó gbé wá sókè ketekete, kí wọ́n lè mọ ẹni tó dé. Èmi àti àwọn kò sọ ọ́ síra wa rí. Ìyá nìkan ló sọ ọ́, lọ́jọ́ kan tí mo lọ gbé oúnjẹ wọn nílé. Ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, "Ìwọ lojú wọn báyìí, ọmọ mi. Ọlọ́hun á sàn án fún ẹ. Má fi wọ́n sílẹ̀ o." Mo ní kò burú. Kí ni ǹ bá tún sọ?

Ọjọ́ tí ẹ̀rù bà mí jù ni ọjọ́ tí wọ́n ṣe bíréèkì lọ́rì kan tó ń lọ sí Iléṣà. Wọ́n ti parí rẹ̀, wọ́n ti nu ọwọ́, dírẹ́bà ti ń kó èrò sínú ọkọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, mo rí i pé ọ́ìlì bíréèkì ń kán láti ara páìpù tó ti là. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tó wà lọ́nà Iléṣà ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Mo wọ abẹ́ ọkọ̀, mo pààrọ̀ páìpù náà láìfọhùn. Nígbà tí mo jáde, ọ̀gá mi dúró lé mi lórí.

"Kí lo ń ṣe lábẹ́ ibẹ̀?"

"Súpánà kan ló bọ́, sà. Mo ń wá a ni."

"O rí i?"

"Mo rí i, sà."

Wọ́n mi orí. Etí wọn ṣì mú ju ti gbogbo Òṣogbo lọ, ṣùgbọ́n etí kò lè rí páìpù tó là.

Ọmọ iṣẹ́ méjì péré ni wọ́n ní. Ẹnì kejì ṣáájú mi wọṣẹ́, ọmọ Iléṣà ni, ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é. Òun ló kọ́kọ́ lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó ní òun wá tọrọ irin òun, òun fẹ́ lọ bá ẹgbẹ́ oníwèé. Ọ̀gá mi kò bi í ní ìdí. Wọ́n lọ bẹ̀rẹ̀ síwájú Ògún, wọ́n ń fọwọ́ wá irin náà, wọ́n ń mú èyí, wọ́n ń fọwọ́ pa á, wọ́n ń gbé e padà, títí wọ́n fi kan púlọ́ọ̀gì fífọ́ tó jẹ́ tirẹ̀. Wọ́n fi lé e lọ́wọ́, wọ́n ní, "Ọ̀nà á là." Ó lọ. Ọjọ́ méjì gbáko ni oúnjẹ wọn fi ń padà sílé bó ṣe wá.

Nítorí náà, ẹ má ṣe rò pé mo ń bẹ̀rù pé wọn á kọ̀ fún mi. Bó bá jẹ́ pé wọn á kọ̀ ni, ì bá rọrùn, ǹ bá bínú lọ. Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni pé wọn á fún mi.

Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í rán dírẹ́bà sí mi. Ó ní ìdánwò ọdún náà ti ń súnmọ́lé, àwọn á pa ìwé orúkọ dé ní ìparí oṣù, bí mo bá ti gba irin mi kí n máa bọ̀. Ẹ wá wo nǹkan. Ẹgbẹ́ tó ń fi Ògún ṣe yẹ̀yẹ́, tó ní ayé ti lajú, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó ń bi ẹni tó bá fẹ́ wọlé ni pé, "Ṣé ọ̀gá rẹ ti fún ọ ní irin rẹ?" Wọ́n tún máa ń rán èèyàn lọ bi ọ̀gá náà léèrè kó dá wọn lójú. Àwọn náà ṣáà ń wọ abẹ́ ọkọ̀.

Mo lọ bá bàbá mi lóko. Wọ́n jókòó ti òkìtì kòkó, wọ́n ń fọ́ ọ. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn: ẹgbẹ́ méjì, ìdánwò, ọdún tí kò tán, ojú ọ̀gá mi. Wọn kò dá iṣẹ́ dúró títí mo fi sọ̀rọ̀ tán.

"Uṣẹ́ ni mo rán ọ lọ kọ́," ni wọ́n wí, "mi ò rán ọ lọ ṣe ẹgbẹ́. Kí uṣẹ́ yìí tó tán, a ti kú tán ní ulé."

"Bàbá, ojú ọ̀gá mi ti fọ́ tán. Bí mo bá lọ, iṣẹ́ wọn tán."

Bàbá mi gbé àdá sílẹ̀. Wọ́n ní, "Bí a ti ń sunkún náà la ń ríran, ọmọ mi." Ohun tí wọ́n sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ ohun tó túmọ̀ sí, mo sì bínú sí wọn, nítorí pé òótọ́ ni.

Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Bí mo bá dúró, ta ló mọ iye ọdún tí wọn á tún ní kí n fi ṣe sùúrù? Wọn kò lè dá mi sílẹ̀, kì í ṣe nítorí ìwà burúkú, bí kò ṣe nítorí pé ojú tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ni wọn á dá sílẹ̀ yẹn. Màá fi orí funfun ṣe ọmọ iṣẹ́. Bí mo bá sì lọ, mo ti pa wọ́n. Kò sí ọ̀nà kẹta. Mo ń wá ẹ̀ṣẹ̀ sí wọn lọ́rùn kí n lè rí nǹkan bínú sí, ṣùgbọ́n wọ́n kọ̀, wọn kò ṣẹ̀ mí. Ní òwúrọ̀, mo máa ń dúró lẹ́yìn wọn, màá ní, "Ọ̀gá." Wọn á ní, "Kí ló dé?" Màá ní, "Ṣé kí n pọnmi sí rédíétọ̀ ni, sà?" Mo pọnmi sí rédíétọ̀ ní oṣù náà débi pé ó yẹ kí àwọn ọkọ̀ Òṣogbo máa wẹ̀ nínú rẹ̀. N kò lè sùn dáadáa mọ́. Mo kórìíra ara mi, mo sì kórìíra ẹgbẹ́ méjèèjì.

Ó ku ọjọ́ méjì kí oṣù parí, ó bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì. Ìyá ti lọ kírun Jímọ̀. Ọ̀gá mi jẹun tán, wọ́n sùn lọ lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi. Mo lọ síwájú Ògún, mo mú orí bóòtù mi, mo fi àkísà wé e. Ohun tó wà lọ́kàn mi nígbà náà ni pé, ojú wọn ò kúkú ríran, wọn ò ní mọ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo ti rò láyé, òun ló burú jù. Nígbà tí wọ́n jí, mo sọ pé mo fẹ́ lọ kí bàbá mi. Wọ́n ní kí n bá àwọn kí i. Wọ́n ní, "Wo bíréèkì ọkọ̀ tó o máa wọ̀ o."

Iléṣà ni mo lọ. Akọ̀wé ẹgbẹ́ oníwèé ṣí ìwé ńlá kan, ó wo irin náà láìfọwọ́ kàn án.

"Ọ̀gá rẹ ló fi lé ọ lọ́wọ́?"

"Àwọn ni, sà."

Ó kọ orúkọ mi. Ẹ̀gbọ́n gbá mi mọ́ra, ó ní ní oṣù mélòó kan sí i, èmi náà á ní ìwé ẹ̀rí. Mo sùn sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo sì fi irin náà sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn. Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo padà sí Òṣogbo bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Mo ń retí kí ẹnì kan wá bi ọ̀gá mi léèrè, kí wọ́n dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n bọ́.

Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ni wọ́n rán wá ní ọjọ́rú. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kan kì í wọ ìlú ẹgbẹ́ kejì láìkọ́kọ́ kí alága ibẹ̀, ọ̀dọ̀ alága wa ló sì kọ́kọ́ dé. Bí alága ṣe gbọ́ pé wọ́n ti fún ọmọ iṣẹ́ kan ní irin rẹ̀ láìsọ fún ẹgbẹ́, ara fu ú. Ó ní kí gbogbo ọ̀gá péjọ sí ṣọ́ọ̀bù òun ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó sì ní kí ẹ̀gbọ́n lọ mú irin náà wá láti Iléṣà.

Wọ́n wá sọ fún ọ̀gá mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo wà lẹ́yìn lọ́rì kan, mo ń wò wọ́n. Nígbà tí ẹni tó wá jíṣẹ́ ti lọ, wọ́n rìn lọ síwájú Ògún, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ tọ àwọn irin náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọwọ́ wọn dé àyè tèmi, ó dúró síbẹ̀. Ǹ bá ti dọ̀bálẹ̀ jẹ́wọ́ nígbà yẹn. Ìṣẹ́jú kan péré ni ì bá gbà. Wọ́n dìde, wọ́n gbọn eruku orúnkún wọn, wọ́n ní kí n lọ bá Ìyá gbé oúnjẹ wá. Mo sì lọ gbé oúnjẹ wá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta pé. Àwọn ọ̀gá jókòó yíká, wọ́n tó ogún. Àwọn olówó ọkọ̀ méjì tí wọ́n ń fún ọ̀gá mi níṣẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n fara ti ògiri. Ẹ̀gbọ́n gbé orí bóòtù mi kalẹ̀ láàárín wa.

Alága kọjú sí ọ̀gá mi. "Ọmọ rẹ sọ ní Iléṣà pé ìwọ lo fún òun ní irin òun. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni ọ̀gá mi wí. "Èmi ni mo fún un."

Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ayọ̀ ló kọ́kọ́ wá. Ayọ̀ ńlá. Mo ti bọ́.

"Nígbà wo?"

"Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

"Lójú ta ni?"

"Lójú Ògún."

Alága mí kanlẹ̀. Ó ní, "Àgbà ni ọ́ nínú ẹgbẹ́ yìí, n kò sì gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ rí. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́ sí i. O mọ ohun tí à ń ṣe bó bá rí báyìí. Mú irin náà, fi kan ahọ́n rẹ, kí o tún ọ̀rọ̀ rẹ sọ. Bí o bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ náà ti di ti Iléṣà, ọ̀rọ̀ tán."

Ọ̀gá mi dìde. Mo fẹ́ kí ẹ mọ irú ẹni tó dìde yẹn. Wọn kì í bú èèyàn bí súpánà bá wà lọ́wọ́ wọn, nítorí pé wọ́n gbà pé irin ń gbọ́. Ẹni tó bá fi irin búra èké, wọ́n gbà láìṣiyèméjì pé irin náà ni yóò pa á. Wọ́n fẹ́ ṣe é nítorí mi. Wọ́n rìn dé àárín, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n na ọwọ́.

Ilẹ̀ ni ọwọ́ wọn bà. Ó fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan tàsé irin náà. Wọ́n fọwọ́ tọ ilẹ̀ lọ sí ọ̀tún, irin wà ní òsì. Wọ́n tọ ọ́ padà, wọ́n tún kọjá rẹ̀. Ẹnì kan wúkọ́. Mo rí i pé àwọn olówó ọkọ̀ méjèèjì ń wo ara wọn. Ọwọ́ náà ṣì ń wá a kiri nínú eruku, bí ìgbà tí adìẹ bá ń tan ilẹ̀.

Ohùn mi ni mo gbọ́. "Ẹ má fi kan ẹnu! Wọn ò fún mi. Mo jí i ni."

Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá Ògún ni mo bẹ̀rù, tàbí ọwọ́ yẹn ni n kò lè wò mọ́. Àwọn tí mo ti sọ ọ́ fún rí máa ń ní mo ṣe dáadáa. Bí mo bá fẹ́ ṣe dáadáa, mo ní gbogbo oṣù náà láti fi ṣe é.

Ọ̀gá mi gbé orí sókè sí ibi tí ohùn mi ti wá. Wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bóyá èmi nìkan ni mo gbọ́. "Ò bá ti jẹ́ kí n ṣe é."

Ìdájọ́ kò gba àkókò. Ọ̀gá kankan kò gbọdọ̀ fi irin iṣẹ́ lé mi lọ́wọ́ mọ́, n kò sì gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ ṣọ́ọ̀bù tó wà nínú ẹgbẹ́. Mo wo ẹ̀gbọ́n. Ó ní, "Kí lo fẹ́ kí n lọ sọ fún wọn ní Iléṣà? Kò sí ẹni tó máa bá ọ wọ abẹ́ ọkọ̀." Kò wo ojú mi nígbà tó ń lọ. Àwọn olówó ọkọ̀ méjèèjì náà bá ẹ̀yìn jáde, wọn kò kí ọ̀gá mi, wọn kò sì béèrè ìgbà tí iṣẹ́ wọn máa parí. Ọ̀sán kan ṣoṣo ló gba gbogbo rẹ̀: ẹgbẹ́ méjì, òmìnira mi, àti iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀gá mi tí mo ní mo fẹ́ dáàbò bò.

Àwọn yòókù túká. Mo dúró lókèèrè, nítorí mo rò pé wọn kò ní fẹ́ kí n súnmọ́ wọn.

"Ó ku ta ni níbí?" ni ọ̀gá mi wí.

"Èmi ni, sà."

Wọ́n na ọwọ́. "Mú mi délé. N kò ríran."

Nínú gbogbo ọdún tí mo bá wọn gbé, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ ọ́ nìyẹn. Mo dì wọ́n lọ́wọ́ mú. A gba ẹ̀gbẹ́ ojú irin, mo ń sọ fún wọn pé òkúta rèé, kòtò rèé, ẹ gbẹ́sẹ̀ sókè, sà. Wọn kò bá mi wí. Mo ń gbàdúrà pé kí wọ́n gbá mi létí, kó lè jẹ́ pé mo ti jìyà díẹ̀ fún ohun tí mo ṣe. Ìyá ti dúró sẹ́nu ọ̀nà; ó wo ọwọ́ wa tó wà nínú ara wọn, ó bú sẹ́kún, ó wọlé lọ.

Ọ̀gá mi fọwọ́ kan òpó ilé wọn, wọ́n mọ̀ pé àwọn ti délé. Wọn kò tíì fi mí sílẹ̀.

"Ta ni á wá máa mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù?" ni wọ́n wí. "Aago méje là ń ṣí."

Mo rọra yọ ọwọ́ mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo jókòó sẹ́yìn bọ́lẹ́kájà tó ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà pẹ̀lú ẹrù mi. Ọkọ̀ náà gba iwájú ilé wọn kọjá, aago méje sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lù. Ọ̀gá mi ti wọ aṣọ iṣẹ́ wọn, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n na ọwọ́ kan síta, wọ́n ń dúró de ẹni tó máa dì í mú.